Mọ́tò tí Kò Lè Gun Òkè Agbowó

Èmi, Jeremáyà Adégbénró Gbádérọ̀, ọmọ bíbí ìlú Ṣakí, olùgbé Bódìjà ní Ìbàdàn, tí mo fi iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ni mo ń ṣe ìwé ìhágún yìí. Ọkàn ni dókítà ní ó ń yọ mí lẹ́nu, kì í ṣe ọpọlọ. Iyè mi pé, ojú mi dá, kò sì sí ẹni tó ń tì mí. Ìwé yòówù tí mo ti kọ ṣáájú nípa ogún mi, mo ti wọ́gi lé e.

Àwọn tí mo yàn láti bójú tó o ni Díákónì Akínbíyìí, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ẹ̀kọ́, àti Lọ́yà Ọlájùmọ̀kẹ́ Ògúnsànyà. Kí Díákónì kà á sókè ní pálọ̀ mi, níwájú Láwùmí, ọmọ mi kan ṣoṣo, àti Wándé, àbúrò mi. Kí Wándé wọlé, kí ó sì rí àga jókòó sí. Mo mọ̀ pé Láwùmí kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, òdìkejì títì ni Wándé dúró sí tó ń wò wá títí a fi ṣe tán. Títí tí ẹ ó fi ka ìwé yìí parí, ilé mi ni ilé yìí ṣì jẹ́, èmi ni mo sì pe Wándé síbẹ̀.

1. Ilé mi ní Bódìjà àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, mo fi fún Láwùmí. Kí ó tún òrùlé ẹ̀yìn ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé yóò ní bàbá òun ti tún dé.

2. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi, mo fi wọ́n fún Àlàájà Ràfátù, aládùúgbò mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀. Kí òun náà wá jẹ wọ́n.

3. Ẹ̀wọ̀n tí mo fi ń wọn ilẹ̀, mo fi fún Díákónì Akínbíyìí, ẹni tí kò gbà títí di òní pé ààlà ilẹ̀ òun ní Apẹ́tẹ́ tọ́. Kí ó lọ fúnra rẹ̀ lọ wọ̀n ọ́n.

4. Mọ́tò mi aláwọ̀ ewé, tó ní bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù nínú, tí òyìnbó kan tà fún mi nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, mo fi fún Wándé.

Láwùmí, mo mọ̀ pé o fẹ́ dìde báyìí. Jókòó. Torí ibí yìí ni mo ṣe kọ ìwé náà.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1974, nígbà tí gbogbo wa lọ lo ìsinmi ní Ṣakí, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ìyàwó mi Moróunkẹ́ ṣánlẹ̀. Wọ́n ní kí a tètè gbé e wá sí Ìbàdàn. Wándé, tó ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì, tú ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà wò, ó fọ èyí tó yẹ kó fọ̀, ó sì tò ó padà. Èmi ni mo wà á. Nígbà tí a kọjá Ìsẹ́yìn, agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Lójú ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó ń dún dáadáa. Bí ó bá ti kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ báyìí, yóò máa kérora, yóò sì máa fà. Ní òkè Agbowó, ó dúró pátápátá. Kí a tó rí takisí, Moróunkẹ́ ti kú, ilé ìwòsàn kò sì jìnnà mọ́. Níbi ìsìnkú, Láwùmí dojú kọ Wándé, ó ní Wándé ló pa ìyá òun. Gbogbo ẹbí gbà á bẹ́ẹ̀.

Abẹ́ igi máńgòrò ni mọ́tò náà wà láti ìgbà náà, títí mo fi fẹ̀yìn tì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ṣe é. Bí mo ṣe ń wá òpó ààlà tó sọnù ni mo ṣe wá a: láti ibi tó dá mi lójú lọ sí ibi tí kò dá mi lójú. Mo tú púlọ́ọ̀gì, ó mọ́. Epo ń ṣàn geere. Iná ń ta lásìkò tó yẹ kó ta. Mo wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú, kò sí ibi tó ti ń jò. Gbogbo ibi tí ọwọ́ Wándé dé ló dára. Ó wá ku ibi tó ti ń mí. Mo ṣí àpótí tó ń sẹ́ atẹ́gùn fún un, ohun dúdú kan bí ẹrọ̀fọ̀ ló kún inú rẹ̀. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Òwú àràbà ni.

Láwùmí, o mọ ibi tí òwú náà ti wá. Ìwọ lo ṣà á lábẹ́ igi àràbà ẹ̀yìn ilé ìyá mi, tí o rán an sínú aṣọ, tí o fi ṣe tìmùtìmù ńlá kí ìyá rẹ lè rí ibi tó rọ̀ sùn sí lọ́nà. Aṣọ náà fẹ́lẹ́. Ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà gan-an, ọmọrí irin tó bò ó kò sì dé dáadáa mọ́. Bí ọ̀nà ṣe ń gbo mọ́tò ni òwú ń jò wọlé, títí imú ẹ́ńjìnnì fi dí bí imú ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Ọmọ Ṣakí wo ni kò ní fi òwú àràbà ṣe tìmùtìmù? Àwa àgbà tí a tẹ́ ẹ síbẹ̀, kò sí ẹni tó ronú kan ẹ́ńjìnnì nínú wa.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Wándé ní Challenge láti sọ ohun tí mo rí. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ti ṣí àpótí náà ní ọ̀sẹ̀ tí a sin Moróunkẹ́, nígbà tó ń wá ibi tí òun ti ṣe àṣìṣe. Ó rí òwú náà, ó sì dé e padà. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, àgbàlagbà ni mí, ara mi gba èébú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ò lè gbé irú ẹ̀ sùn. Ẹ má sọ fún un.” Ó mú kí n ṣèlérí pé Láwùmí kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi nígbà tí mo bá wà láàyè. Mo mú ìlérí náà ṣẹ, inú mi kò sì dùn sí i lọ́jọ́ kan. Gbogbo ìgbà tí ọmọ mi bá kọjá lára rẹ̀ láì kí i, ó máa ń dùn mí wọra. Wándé, má bínú sí mi. N kò sí láàyè mọ́.

Láwùmí, bóyá ìyá rẹ ì bá yè ká ní mọ́tò náà sáré, n kò mọ̀. Dókítà tí mo bi kò mọ̀ pẹ̀lú. N kò ní parọ́ fún ọ nínú ìwé òfin. Ohun tí mo mọ̀ ni pé, nígbà tí a kúrò ní Ìsẹ́yìn, mo bi ìyá rẹ bóyá ọ̀nà ń ni ín lára. Ó ní rárá, ọmọ òun ti tẹ́ ibi tó rọ̀ fún òun.

5. Láwùmí, ẹni tó ti ń gbé ẹrù rẹ láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá wà nínú yàrá yìí. Dìde, lọ bá a.

Mo fọwọ́ sí i ní Bódìjà, Ìbàdàn, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì, ọdún 1986.

J. A. Gbádérọ̀

Ojú àwa méjèèjì, tí kò sí ogún kankan fún nínú ìwé yìí, ló ṣe fọwọ́ sí i:

Sùlàímọ́nù Adéróunmú, olùkọ́, Agbowó
Àmúdàtù Àtàńdá, nọ́ọ̀sì, Onírèké