Ìyá Inú Ìwé Yẹn Kì Í Ṣe Mummy Mi

Aunty Sìdíkàt, ẹ kú iṣẹ́ orí rédíò, kò ní rẹ̀ yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ ṣáà sọ pé ọmọbìnrin kan ní Peckham, ní London níbí, ni.

Ọ̀rẹ́ mi yá mi ní ìwé ìtàn àwọn ọ̀dọ́ kan. Ó ní màá rí ara mi níbẹ̀, torí ọmọ Yorùbá tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀, bíi tèmi, ni wọ́n fi ṣe ìtàn náà. Ara mi wo? Ìranù gbáà ni! Ìyá ọmọ yẹn ò mọ̀ ju kó se jollof, kó sì pariwo. Ọmọ sọ òótọ́ ara ẹ̀, ìyá ju ẹrù ẹ̀ síta, ló bá sá lọ sílé ọ̀rẹ́ ẹ̀ òyìnbó ní East Dulwich. Ìyá òyìnbó gbá a mọ́ra, ó fún un ní tíì, ìtàn parí. Gbogbo irú ẹ̀ tí mo ti kà, ìyá kan náà ló wà níbẹ̀. Ṣé àwọn tó ń kọ ọ́ tiẹ̀ ti jẹun nílé Yorùbá rí?

Mummy mi, wọn kì í pariwo. Tí inú bá ń bí wọn sí mi, wọ́n á dákẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n á bu oúnjẹ mi, wọ́n á fi abọ́ aláwọ̀ ewé dé e. Wọ́n á ṣì kan ilẹ̀kùn mi pé àsìkò ìrun ti tó.

Àmọ́ èmi tí mo ń bú ìwé yìí, mi ò tíì lè la ẹnu sọ fún wọn.

Ètò yín ni wọ́n máa ń gbọ́ ní kíṣìnì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa ka lẹ́tà yìí, màá jókòó tì wọ́n. Tí ẹ bá dé ibi abọ́ yẹn, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni. Aunty, tí ẹ bá kà á tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè fi orin sí i. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí Mummy máa sọ.