Màámi, Bọ́ọ̀dù Iná Yín Ti Kú

Màámi ọ̀wọ́n,

Bọ́ọ̀dù tí ẹ fi ń darí iná orí ìtàgé ti kú. Mo ní kí n tètè sọ ọ́, torí ẹ kì í fẹ́ kí ènìyàn máa yí ọ̀rọ̀ po. Ọwọ́ Délé àbúrò mi ló kú sí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó bínú sí i.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, àwa méjèèjì la ń bá iṣẹ́ iná orí ìtàgé yín lọ láti ilé wa ní Òkèrèwè. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ẹdúnàbọ̀n pè wá fún eré Àjíǹde wọn. Délé ra iná tuntun tó mọ́lẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹnu wáyà wọn ní eyín mẹ́ta bíi ti màìkì, kì í ṣe márùn-ún bíi tiyín. Ló bá ra àsopọ̀ kéékèèké tó ń sọ eyín márùn-ún di mẹ́ta, ó fi wọ́n sẹ́nu gbogbo wáyà yín. Mo ní ẹ ò ní gbà. Ó ní, "Àǹtí, eyín méjì tó kù yẹn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ wo ìdí ẹ̀, kò sí wáyà kankan níbẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Èmi náà ti bi yín rí nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, pé kí ni eyín méjì yẹn wà fún. Ẹ ń jó wáyà pọ̀ lọ́wọ́, ẹ ò tiẹ̀ gbójú sókè: "Kó má baà wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀ ni."

Ibẹ̀ náà ló wọ̀. Lọ́sàn-án tí a lọ ṣe ìdánrawò, wáyà màìkì àti wáyà iná jọ wà nílẹ̀, gbogbo wọn dúdú, ẹnu wọn rí bákan náà. Ẹni tó ń bójú tó ohùn mú ọ̀kan tó ti ara bọ́ọ̀dù yín wá, ó tì í bọ inú míksà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń so màìkì mọ́. Iná tí míksà fi ń bọ́ màìkì gba inú wáyà lọ sínú bọ́ọ̀dù. Kò dún, kò rú èéfín. Iná orí ìtàgé kàn gbọ̀n, ó sì kú. Délé pa bọ́ọ̀dù, ó tàn án, ó tún pa á. Nígbà tó yá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àǹtí, mo ti ba nǹkan Màámi jẹ́."

Ó ń ṣe mí bíi kí n jágbe mọ́ ọn. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ìró yín àtijọ́ nu bọ́ọ̀dù yẹn, tí ẹ óò sì bò ó bí ẹni bo ọmọ tó ń sùn. Ṣé ẹ̀yin ì bá jágbe? Ojú rẹ̀ rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí a sin yín. Mo jókòó tì í.

Lọ́jọ́ kejì, a yá bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín kan tó ń ṣe tíátà. A jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, a tú gbogbo àsopọ̀ yẹn. Ọ̀kan ṣoṣo la fi sílẹ̀, èyí tó máa wà lókè lẹ́nu iná àkọ́kọ́, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò dé. A wá jó wáyà tí wọ́n ṣe fún iná ìtàgé pọ̀, a fi so iná kan mọ́ èkejì. A ò lo ti màìkì rárá. Délé jó ara rẹ̀ níka, ó fò sókè bí ìrẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti kú. Ṣé ẹ gbọ́ wa?

Lọ́jọ́ eré, wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Gbọ̀ngàn kún, àwọn ọmọdé jókòó síwájú. Àwọn obìnrin dé ibojì, áńgẹ́lì sì sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n ń wá ti kúrò níbẹ̀. Àsìkò tí iná gbọ́dọ̀ tàn nìyẹn. Délé ò gbé ọwọ́ rẹ̀ tó wà lórí bọ́tìnnì bọ́ọ̀dù. Ó bojú wò mí, omi ti kún ojú rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi lé tirẹ̀, a jọ ti bọ́tìnnì náà sókè díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ibẹ̀ fi mọ́ kedere.

Iná náà ò gbọ̀n rárá, Màámi.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín, tí àárò yín ń sọ.