Aláṣọ Funfun, Ta Lo Rí Lọ́nà?

Agbo Ilé Fájọbí,
Datcha, lẹ́bàá Atakpamé.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Ẹrẹ́nà, 1964.

Étienne, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Abidjan lọ́hùn-ún? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ọmọ tí ẹ bí lọ́dún tó kọjá ti ń rìn? Ṣé iṣẹ́ ò le jù? Àwa náà ń bẹ, a ò tíì kú. Ọyẹ́ ti lọ, ooru ló kù, gbogbo ara ń ro mí bí ẹni tí wọ́n lù.

Ọ̀rọ̀ Ìyá ni mo fẹ́ sọ. Ojú wọn ti di bàìbàì, wọn ò sì fẹ́ jẹun mọ́. Kò sí ohun tí mi ò sè tì. Àmọ́ kannakánná ṣì ń bà sórí ògiri wa láràárọ̀, Ìyá sì ń bi í bí wọ́n ṣe máa ń bi í: "Aláṣọ funfun, ta lo rí lọ́nà?" Tó bá ti kọjú sílé tó ké, dandan ni ká gbálẹ̀, ká gbé omi àlejò sẹ́nu ọ̀nà. Ṣé o rántí tíṣà wa tó ní ẹyẹ òkú ni nínú ewì àwọn Faransé, pé dúdú ni látorí dé ìrù? Ìwọ lo dìde, o ní tiwa wọ aṣọ funfun láyà, ó sì nà ọ́ lẹ́gba. Ọ̀rọ̀ Ìyá yìí ti wá di àṣà lẹ́nu gbogbo Datcha o. Bí mọ́tò bá dúró báyìí, ohun tí wọ́n fi ń kí dẹrẹba nìyẹn. Áà, ó ti sú mi!

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo mú nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Julienne wá láti Atakpamé. Bó ṣe wọlé tòun taṣọ funfun rẹ̀, Ìyá gbórí sókè, wọ́n ní, "Aláṣọ funfun, ta lo rí lọ́nà?" Ọmọ ọlọ́mọ kò mọ èsì, ó ń wò mí. Mo sọ ọ́ sí i létí pé kó ní Étienne ni. Ó sì ní Étienne ni. Ìyá dìde jókòó, wọ́n béèrè ẹ̀kọ, wọ́n mu ún tán. Ẹkún ni mo sun.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jẹun. Wọ́n ní kí n gbá yàrá rẹ, mo gbá a. Wọ́n ní kí n gbé omi rẹ sẹ́nu ọ̀nà, mo gbé e. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á bi mí bóyá o ti mu ún, màá ní mọ́tò ló pẹ́. Lánàá, wọ́n fi ìdajì ẹ̀kọ sílẹ̀. Julienne ní bí wọn ò bá jẹun mọ́, kò sí oògùn tóun lè fún wọn.

Mi ò bínú pé o ò wálé láti ọdún òmìnira. Irọ́ ni, mo bínú, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò lè jà.

Bàbá Fágbénró, aládùúgbò wa, ní kí n kí ọ. Fúnkẹ́ tó o fẹ́ fẹ́ nígbà kan ti bímọ mẹ́ta, òun náà kí ọ. Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi gbé ọmọ náà mọ́ra.

Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo fẹ́ lọ da omi rẹ nù, bí mo ṣe dà á nù lánàá. Étienne, wá mu omi yìí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ti rẹ̀,
Dorothée.