Ìyá Ojú Fèrèsé Kú Nínú Ìwé Mi

Ọjọ́ Ajé, 1 Èrèlé 2010

Ímeèlì dé láti Ìbàdàn. Ọlájídé — Alátúnṣe tèmi, ẹni tó ń yẹ ìwé mi wò láti orí àkọ́kọ́ — ní ìwé kẹta yìí dùn, ṣùgbọ́n ìparí dà? Òpin oṣù ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Bí ìparí ò bá dé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ó tún béèrè, bó ṣe máa ń béèrè, bóyá mi ò lè fi ọ̀rọ̀ geere kọ ọ́, kí n fi ewì sílẹ̀.

Rárá o. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ò fẹ́ kí àgbàlagbà bá òun sọ̀rọ̀ pẹ́. Ewì mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́.

Mo ta bọ́tìnnì àti òwú ní ṣọ́ọ̀bù mi. Inú mi dùn.

Ọjọ́rú, 3 Èrèlé

Ibi tí ìtàn dé: Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tẹ̀lé àbúrò bàbá rẹ̀ láti Ìṣẹ́yìn wá sí Banjul. Kò gbọ́ Wolof, kò gbọ́ Aku tó jọ pijin, kò lọ́rẹ̀ẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń kí i ni ìyá arúgbó kan tó máa ń jókòó lójú fèrèsé. Mi ò tíì mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ìyá náà.

Irọ́ ni mò ń pa. Mo mọ̀. Ó máa kú. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Mo sì mọ ẹni tí mo wò kọ ọ́. Ajaratou Ruqayya, onílé wa, tó ń gbé òkè, tí àwa ń gbé ìsàlẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí títì níbí ní New Town. Àlájà Òkè ni mò ń pè é nínú ìwé yìí. Naija lòun ń pè mí. Ọmọ Aku Mùsùlùmí ni, Freetown làwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá. Yorùbá tó gbọ́ ò ju ti oúnjẹ, aṣọ, ìkíni àti ìnáwó lọ. Ọmọkùnrin méjì ló bí: ọ̀kan ní London, ọ̀kan ní Atlanta. Inú fóònù nìkan làwọn méjèèjì wà.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Èrèlé

Mo kọ ikú náà. Mo sunkún. Mo jẹ ẹ̀bà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Èrèlé

Àwùjọ ogójì ọjọ́, sàráà tí àwọn Aku máa ń ṣe fún òkú, ni mo kọ lónìí. Àwọn ọmọ ìyá náà ò wá. Àbẹ̀kẹ́, tí kò bá a tan rárá, ló rẹ ẹ̀wà, òun ló dín àkàrà. Ibi tí mo fẹ́ràn jù:

Àwọn ọmọ rẹ̀ ní òkun fẹ̀.
Mo ní ó fẹ̀ lóòótọ́.
Mo gbé ìkòkò kaná.
Ẹni tó kí mi nígbà tí ẹnìkan ò mọ orúkọ mi,
n ò ní jẹ́ kó lọ láìsí àkàrà.

Ó dùn mọ́ mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 11 Èrèlé

Mo ti ṣe é.

Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ìlà kan kì í dúró àfi kí n kà á sókè, kí n máa rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìlà tó bá gba èémí lẹ́nu mi, mo gé e. Látorí ìwé àkọ́kọ́ ni Àlájà Òkè ti ń gbọ́ mi. Bó bá dùn létí rẹ̀, á fi ọ̀pá gbá pákó ilẹ̀ lókè, gbà, gbà. Bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún mi ní Banjul nìyẹn.

Lónìí mo ka àwùjọ. Mo kà á kíkankíkan. Àwùjọ, àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ — ọ̀rọ̀ àwọn Aku náà ni. Mo sì ti kó gbogbo nǹkan Àlájà Òkè sínú ewì náà, èmi aláìlójútì: gèlè búlúù, àga tí apá rẹ̀ kan ti kán, pàápàá àwọn ọmọ méjèèjì, mo dárúkọ London, mo dárúkọ Atlanta. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ó ń wò mí láti ojú fèrèsé. “Naija, yu don kil mi.” Ó ní mo ti pa òun. Ó pa fèrèsé dé.

Ọ̀sán gangan ni o. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ohùn mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Èrèlé

Mo gbé àkàrà ránṣẹ́ sókè. Abọ́ náà padà wá pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Jìbírílù ọkọ mi ní: “Wọ́n ní kóo kọ̀wé, o lọ ń sìnkú alààyè.” Ó rẹ́rìn-ín, òun nìkan. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ kúnlẹ̀. Mo gòkè lọ, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sálámà. Ó dá sálámà padà láti inú ilé. Kò ṣílẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ajé, 15 Èrèlé

Mo kọ ìparí mìíràn. Àwọn ọmọ dé, wọ́n gbé ìyá wọn lọ sí London, gbogbo èèyàn ń jó. Mo fún Motún kà. Ọmọ mi ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí kò ka ìwé mi rí débi ìdajì. Ìdúró ló ti kà á.

Ó ní: “Mọ́mì, irọ́ ni. Wọn ò wá rí, kí ló máa gbé wọn wá báyìí?”

Ó béèrè fún ti àkọ́kọ́, ó gbé e wọ yàrá. Ó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní àlùbọ́sà lòun ń gé. Ta ní ń gé àlùbọ́sà lórí bẹ́ẹ̀dì? Ìdùnnú fẹ́ẹ̀ pa mí.

Ọjọ́bọ̀, 18 Èrèlé

Ọjọ́ òmìnira ilẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ iléèwé yan kọjá. Lọ́dọọdún ni Àlájà Òkè máa ń juwọ́ sí wọn láti òkè. Fèrèsé wà ní títì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Èrèlé

Mo ti pinnu. Ìparí irọ́, mi ò ní fi ránṣẹ́. Ìparí òótọ́, mi ò ní fi ta ẹni tó gbà mí sílé nígbà tí mi ò mọ ẹnìkan nílùú yìí. Mo kọ̀wé sí Alátúnṣe pé kó di ọdún tó ń bọ̀, tàbí kó má di ìgbà kankan. Ó pè mí. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní oṣù ò tíì parí, kí n má tíì sọ pé rárá.

Ìwé á wà. Èèyàn ni kò ní wà títí. Síbẹ̀ ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Èrèlé — Gàmò

Ọjọ́ ìbí Ànábì. Lẹ́yìn Jímọ̀, ohùn dún lókè. Motún ni Àlájà Òkè ń pè, kì í ṣe èmi. Ó ní kó kó ìwé náà dání.

Títí di Mọ̀ńgàríbì ni wọ́n wà níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ mi tó ń sọ ewì mi di Aku, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó jẹ́ òun ló ni ín. Mo fún oníbàárà lówùú dúdú dípò pupa. Motún sọ̀ kalẹ̀: “Ó ní kí n ka ibi àkàrà lẹ́ẹ̀mejì.”

Ọjọ́ Àìkú, 28 Èrèlé

Àlájà Òkè sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín lẹ́ẹ̀sì àti bọ́tìnnì, ó sinmi, kó tó sọ̀rọ̀. Aku ló fi sọ ọ́. Báyìí ni mo ṣe rántí rẹ̀.

Ó ní kì í ṣe ikú ló bí òun nínú. Gbogbo ẹgbẹ́ òun ti lọ tán, òun kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n ń fi orúkọ ikú dẹ́rù bà. Àwùjọ yẹn ni. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú lòun ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ yìí nínú fóònù, tóun ń bi ara òun léèrè ẹni tó máa rẹ ẹ̀wà. Òun ò sọ fún ẹnìkan rí. Ó ní: “Ìwọ wá dúró sábẹ́ fèrèsé mi, ò ń ké e sí títì.”

Mo bú sẹ́kún. Mo ní kó foríjì mí, mi ò mọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé n ò mọ̀.

Ó wá béèrè nípa ọmọbìnrin inú ìwé yẹn. Kì í ṣe ẹbí. Kí ló dé tó fi ṣe é?

Mo ní nítorí pé ìyá náà kí i.

Ó wo ojú mi.

“Na yu?”

“Na mi, Mama.”

Ó mi orí. Ó ní kí n má yọ ìlà kan kúrò, àfi London àti Atlanta. Kí n fi àwọn ọmọ òun sílẹ̀ fún òun. Mo yọ wọ́n lójú rẹ̀. Mo sáré lọ sí kaféè, mo fi ránṣẹ́. Ìyá náà kú nínú ìwé, àwùjọ rẹ̀ sì kún fọ́fọ́.

Àlájà Òkè ti padà sókè, ó ń gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀. Ó ní kí ni mò ń kọ látàárọ̀, ṣé mi ò mọ̀ pé tíì tóun po sílẹ̀ dè mí ti tutù ni?