Oníka, Òdòdó Òkun Pálọ̀ Wa

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta, 2025

Mo ti gbé e wálé. Kọ́tìnì ni mo lọ tú nílé Hàjíà Àlímátù ní Maitama, l'Ábújá níbí, ó ń kó padà sí Ìlọrin. Ló bá nawọ́ sí àpótí gíláàsì olómi iyọ̀ rẹ̀: “Kai, oníkọ́tìnì! Èyí lo máa ń wò ju kọ́tìnì lọ. Máa gbé e lọ.”

Ẹja méjì, pupa rúsúrúsú, ọ̀já funfun lára — òyìnbó ń pè wọ́n ní aláwàdà. Àti ẹranko kan tó jọ òdòdó, ìka rẹ̀ kò lóǹkà, ó ń jó nínú omi. Ànẹ́mónì. Mo sọ ọ́ ní Oníka. Ẹja ńlá, Ọ̀gá. Kékeré, Ìyàwó.

Bùkúnmi aya mi wò mí láti òkè délẹ̀. Ìgbín ńkọ́? Oyin ńkọ́? Ọ̀yà ńkọ́? Gbogbo wọn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sìn, kò sí èyí tí mo bá dópin.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Àṣẹ Bùkúnmi ti jáde. “Bàbá Káyọ̀dé, ọ̀sẹ̀ méjì sí òní làwọn ará ìpàdé àdúrà ń bọ̀ nílé wa. Bí nǹkan yẹn bá kú, tó rùn mọ́ wa lára, ẹ ó gbé gíláàsì yín jáde, kò sì ní wọlé mọ́.”

Mo ní ó dáa. Irọ́ ni, kò dáa. Fásitì ni Bùkúnmi lọ, ìwé mẹ́wàá ni èmi dúró sí. Ta ló ní kí n máa sin ẹranko òkun nílùú tí kò lókun?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Oníka ń rìn! Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, bí ìgbín. Mo pe Hàjíà lórí fóònù. Ó ní ibi tó bá wù ú ni yóò jókòó, kí n yé dà á láàmú. Ó tún bi mí èwo ni mo pè ní ọkọ. Mo ní èyí tó tóbi. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Èyí tó tóbi ni ìyàwó! Akọ ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá jọ̀gá níbẹ̀ ló ń di abo.

Mo sọ fún Bùkúnmi. Ó ní, “Ẹ rí i? Ẹja pàápàá mọ ẹni tó nilé.”

Ọjọ́bọ̀, 13

Ọ̀gá ti di Ìyá Ilé. Ìyàwó ti di Ọkọ. Kò tíì mọ́ mi lẹ́nu.

Ọjọ́ Ajé, 17

Ooru Gwarinpa yìí lè se ẹyin. Iná ò dúró, omi ń gbóná, Oníka ń súnkì. Hàjíà ní kí n fi yìnyín tù ú, ṣùgbọ́n kí yìnyín má yọ́ sínú omi iyọ̀ o. Mo ronú, mo ronú — píọ̀ wọ́tà! Mo ju ọ̀rá rẹ̀ sí fírísà títí ó fi le bí òkúta, mo gbé e léfòó lórí omi. Ìyá Ilé sá. Ọkọ wá fi orí kàn án. Nígbà tó yá, Oníka na ìka. Èmi ni mo ronú ẹ̀! Èmi!

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Oníka gba edé lọ́wọ́ mi, ó jẹ ẹ́. Inú mi dùn ju ọjọ́ ìgbéyàwó lọ. (Bùkúnmi kò gbọdọ̀ ka èyí.)

Ọjọ́ Àìkú, 23

Ẹ jẹ́ n mí ná.

Àwọn ará ìpàdé dé, pálọ̀ kún. Orin àkọ́kọ́ kò tíì parí tí NEPA fi mú iná lọ. Okùn jẹnẹrétọ̀ já mọ́ mi lọ́wọ́. Pọ́ǹpù oníbátìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ooru! Mo sáré sí fírísà. Ó ṣófo. Mo padà sí pálọ̀, mo bá Màmá Hadassah, alága àwọn akọrin, tó ń fa ọ̀rá tó kẹ́yìn: “Bàbá Káyọ̀dé, ẹ ṣé o! Omi yín tutù dé egungun!”

Bùkúnmi ti pín gbogbo rẹ̀. Kí ni kó ṣe? Àlejò dé nínú ooru, ká má fún un lómi?

Oníka ká bí ìkúùkù. Ìyá Ilé ń gba èémí lókè omi. Ni mo bá sọ ọ́ jáde lójú gbogbo wọn: omi tẹ́ ẹ mu yẹn ló ń gba ẹ̀mí àwọn ẹja yìí là. Màmá Hadassah wo ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó jẹ oúnjẹ aláìsàn.

Bùkúnmi ló kọ́kọ́ dìde. Ó ṣí ìdérí gíláàsì, ó fi abẹ̀bẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ omi. “Kí lẹ ń wò? Ṣé bá a ṣe ń mú ògì tutù fọ́mọ kọ́ nìyí?” Màmá Hadassah gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Díákónì Nehemiah, olùdarí wa, ní kí orin máa lọ, kí abẹ̀bẹ̀ máa tẹ̀ lé e. À ń kọrin, à ń fẹ́ ẹja. Ó wá gbàdúrà: “Olúwa tó pèsè ẹja ńlá fún Jónà, rántí àwọn kékeré yìí náà.” Àmín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ gíláàsì.

Iná dé kí wọ́n tó túká. Ẹja ti ń lúwẹ̀ẹ́. Oníka kò là. Bùkúnmi kò mẹ́nu ba àdéhùn wa, èmi náà kò bi í.

Ọjọ́ Ajé, 24

Oníka ṣì ká jọ. Mi ò rán kọ́tìnì kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Bùkúnmi ló pè mí láti pálọ̀. Ó ti múra iṣẹ́, báàgì wà léjìká, bọ́ọ̀sì wọn ń fun fèrè níta — síbẹ̀ ó dúró níwájú gíláàsì. Oníka ti là! Gbogbo ìka rẹ̀, ó fẹ̀ tó àwo. Ìyá Ilé àti Ọkọ ń yíra nínú rẹ̀ bí ọmọdé lórí bẹ́ẹ̀dì tuntun.

Bùkúnmi ní oòrùn fèrèsé ló ń mú omi náà gbóná. Ó ní igun tí tẹlifíṣọ̀n wà ló tutù jù nílé yìí. Ó jáde lọ.

Mo ti ń tú wáyà tẹlifíṣọ̀n.