Ìbéèrè Tí Wọn Ò Kọ́ Wa Bá A Ṣe Ń Dáhùn

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màámi ti ń san.

Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun. Ọmọ kíláàsì mi kan bi mí pé, “Tíṣà, ọ̀rẹ́ mi ní inú iná ọ̀run ni màmá mi tó kú wà, torí ẹ̀sìn wa. Ṣé òótọ́ ni?” Wọn ò kọ́ wa nírú èyí nígbà tá à ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Mo ní màá dáhùn lọ́la. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá ilé ìwé wa, ó ní, “Tó o bá dá sí i, àwọn òbí á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ.”

Láàárọ̀ yìí, ọmọ náà dúró tì mí. “Tíṣà, ọ̀la ti dé.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn olùkọ́, kí ni kí n sọ? Ẹ tètè fèsì. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.

Àbúrò yín