Ìdúpẹ́ Ẹlẹ́nu Wíwọ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Máàṣì 2025
A ti ilé ìwòsàn Ọ̀yọ́ dé sí Ìlora, nítorí àìsàn tó rọ apá kan ojú mi. Dókítà ní ẹnu mi lè tọ́ padà, ó sì lè má tọ́ mọ́. Ó ṣì wọ́ sápá ọ̀tún. Ojú òsì kò pa dé — alaalẹ́ ni mò ń fi bándéèjì lẹ̀ ẹ́ kí n tó sùn. Àkànbí, baálé mi, ní ẹwà mi ò yí padà. Irọ́ ni. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 Máàṣì
Ìpàdé àdúrà àwa obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi. Èmi tí mo ti ń lé orin fún wọn láti ìgbà tí mo pọn Ẹ̀bùnolúwa, àkọ́bí mi — ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó, mo fi ìborùn bo ẹnu. Ohùn-Ṣúgà ló lé e. Títílayọ̀ lorúkọ ẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń pè é bẹ́ẹ̀. Orin náà dùn. Ó dùn mí náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Máàṣì
Mo sunkún nídìí agbada. Gààrí jóná. Mo ní èéfín ni.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Máàṣì
Mo sọ fún Pásítọ̀ pé mo fẹ́ dúpẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní ó dáa. Ìyá Ìjọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: wọn kì í dúpẹ́ ìwòsàn tí kò tíì pé. "Jẹ́ kẹ́nu tọ́ ná, Ìyá Ẹ̀bùn. Kí lo fẹ́ sọ pé Ọlọ́run ṣe?"
Mo ní ó dìgbà, mo kọrí sílé.
Mo délé, mo ṣírò ẹ̀. Bí mo bá dúpẹ́ báyìí, tẹ́nu wá tọ́, wọ́n á ní kí n tún wá. Màá se ìrẹsì àlejò lẹ́ẹ̀mejì. Ó sàn kí n dúró.

Ọjọ́bọ̀, 13 Máàṣì
Àwa obìnrin ìjọ lọ kí Rachel, ọ̀dọ́ kan nínú wa, ní Fìdítì. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, egungun ìbàdí ẹ̀ ṣẹ́, kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo wọn gbàdúrà. Ìyá Ìjọ pàṣẹ pé lọ́la ni yóò rìn. Rachel kọjú sógiri, kò ṣe àmín. Ìgbà tí wọ́n ṣe tán ló yíjú sí mi, ó ní èmi ńkọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu mi mọ́.
"Ẹnu yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́, Mà. Ẹ̀yin mọ ibi tí mo wà."
Mo kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń já wẹ́wẹ́, itọ́ ń dà sórí aṣọ ìbora ẹ̀. Mi ò sọ pé lọ́la. Mo ní kí Olúwa fún un lókun tòní, kó jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ṣe àmín — ó tún un ṣe. Ní gbogbo ọdún tẹ́nu mi fi tọ́, kò sẹ́ni tó dì mí mú bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Épírì
Ẹnu kò tọ́. Mi ò dúró dè é mọ́; mo ti ra ìrẹsì ìdúpẹ́ ọ̀la. Àkànbí bi mí bóyá ẹ̀rù ò bà mí. Ó ń bà mí. Mo lọ aṣọ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Épírì
Mo dúró níwájú ìjọ, mo sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe: pé ẹnu mi ṣì wọ́, pé Òun kò fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀, pé ibi tó ti rẹ̀ mí jù ló ti gbé mi dúró. Àwọn ọmọdé kan rẹ́rìn-ín. Mo rí wọn. Mo lé orin fúnra mi. Ohùn já. Itọ́ dà. Mo nù ún lójú gbogbo wọn, mo bọ́ sí ẹsẹ kejì. Títílayọ̀ ló kọ́kọ́ gbè é. Ìyá Ìjọ dìde, wọ́n ń jó bọ̀ lọ́dọ̀ mi.
Mi ò gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé bí mo ti ń ṣe látìgbà tẹ́nu ti wọ́. Ojú títì ni mo gbà, níbi téèyàn pọ̀ sí, mò ń kí wọn níkọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ìgbéraga ni, kí Olúwa dárí jì mí.